Ẹkún Tí Wọ́n Fi Ṣe Ẹ̀rín

Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í tètè kórìíra nǹkan. Ohun tí ẹlòmíràn yóò rí tí yóò di imú, tí yóò máa tutọ́ káàkiri, òun a wò ó bí ẹni ń wo omi tútù. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ ti bì sí i láyà, ọmọ ti yàgbẹ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ti di ọmọ tó ń bì mú lọ́wọ́ òsì kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ búrẹ́dì, torí pé kò sí àyè àti jókòó. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akunlé nígbà tí agbára ṣì wà, máa ń sọ fún àlejò pé bí wọ́n bá ti ìyàwó òun sí kòtò ẹlẹ́gbin, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé wọ́n ní kànìnkànìn.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, wọ́n pè é sí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ fíìmù wò. Òfin ibẹ̀ ni pé kí fíìmù tó dé iwájú ọmọdé, èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó: ẹnì kan tó mọ òfin, ẹnì kan tó mọ ìwé, ẹnì kan tó mọ ara ọmọ. Òun ni wọ́n gbà fún ti ara ọmọ. Òkè ilé ìtẹ̀wé kan ni iyàrá tí wọ́n ti ń wò ó wà. Bí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àga á máa gbọ̀n lábẹ́ ìdí ẹni, tí fíìmù ìfẹ́ á fi dà bíi fíìmù ogun. Aṣọ fèrèsé ibẹ̀ nípọn, ó dúdú, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ.

Ẹni tó mọ òfin ni Alága, lọ́yà àgbà kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ bì nínú fíìmù, Alága á fi áńkáṣíìfù bo ojú, á wá máa béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ti tán? Ṣé ó ti tán?" Ìyá Nọ́ọ̀sì ló máa ń dá a lóhùn. "Ó ti tán, sà. Wọ́n ti ń nu ilẹ̀." Ẹni tó mọ ìwé ni Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama, tó sì ń ṣọ́ èébú nínú fíìmù bí ológbò ṣe ń ṣọ́ èkúté. Àwọn méjèèjì gbà pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́rọ̀ rẹ̀ rọrùn jù. Bí ẹnikẹ́ni bá so nínú fíìmù, ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní ọmọ tó bá so lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ti yè, kí ló wá burú nínú ìsó?

Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé fíìmù ìdílé kan dé. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín ni. Ìyá ilé rìnrìn àjò, ó fi bàbá ti àwọn ọmọ mẹ́ta. Bàbá yìí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú ilé ìdáná. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ sínú ìkòkò, ó ní iyọ̀ ni. Ó fọ bàtà pọ̀ mọ́ ẹ̀wù funfun ti ọ̀gá rẹ̀. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ ìta pẹ̀lú tówẹ̀lì nídìí, ajá aládùúgbò sì fa tówẹ̀lì náà lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Tíṣà kò tíì rí èébú kan kọ sílẹ̀. Áńkáṣíìfù Alága ṣì wà nínú àpò. Fíìmù náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ó wá kan ọjọ́ ìbí ọmọ tó kéré jù, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ẹni tó ń lọ sí jẹ́léósinmi lọ. Bàbá gbé páálí aláràbarà kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ ń retí bèbí. Ó ṣí páálí, ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan fò jáde, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lójijì, ọmọ náà ń sunkún. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, títí ojú ọmọ fi kún gbogbo ògiri, ikun ń ṣàn wọ ẹnu. Wọ́n sì gbé ohùn fèrè lé ẹkún náà, fèrè tó ń ṣe pọ́ọ̀n-pọ̀ọ̀n-pọ́ọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mí. Tíṣà fi ọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀. Alága ń mi èjìká.

Ẹ̀rín kú mọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn," ó sọ fún ẹni tó ń bá wọn tan ẹ̀rọ. "Ẹ wá pa ohùn rẹ̀."

Wọ́n dá a padà. Láìsí fèrè, láìsí ẹ̀rín, ojú ọmọ náà nìkan ló kù lára ògiri. Ọmọ náà kò wo ọ̀pọ̀lọ́. Kò wo bàbá inú eré, kò wo àwọn ẹ̀gbọ́n inú eré. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwòrán, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń pe nǹkan kan, ètè á pàdé, á tún ṣí, á tún pàdé. Èémí rẹ̀ ń já, bíi ti ọmọ tó ti sunkún kọjá ibi tí ẹkún ń gbé ni dé.

"Ọmọ yìí mọ eré ṣe o," Tíṣà sọ.

"Kì í ṣe eré ló ń ṣe," Ìyá Nọ́ọ̀sì dáhùn.

Àṣà ilé iṣẹ́ náà ni pé kí ẹni tó ni fíìmù wá dáhùn ìbéèrè. Ọkùnrin kan ni, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀rín-Ò-Tán, bàtà rẹ̀ ń dán, òórùn tó fín sára ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó kí àgbà dáadáa. Ó jókòó, ó bu bísíkíìtì nínú àwo Alága láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ ọ́.

"Ọmọ kékeré inú fíìmù yín yẹn," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, "báwo lẹ ṣe mú un sunkún?"

Ojú ọkùnrin náà tàn. "Háà, Màmá! Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Àwọn èèyàn ò mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjọ́ mi jẹ́! Ọ̀pọ̀lọ́ tí a ní kó bẹ̀rù, ṣe ló gbé e, ó ní òun fẹ́ mú un lọ sílé. A bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rín ló ń rín. Mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo sọ sí i létí pé ìyá ẹ ti lọ, ó ti já ẹ sílẹ̀, kò ní í padà wá mọ́ láéláé. Mo sì ti ní kí ìyá ẹ̀ lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹkún bẹ́! Mo ní, 'Kámẹ́rà, má dúró o, má dúró!'"

Ó bu bísíkíìtì kejì jẹ.

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun ti di gbajúmọ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ṣe é?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Màmá. Iná ò dára nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, kò gbà mí gbọ́ mọ́, ó ṣáà ti rí ìyá ẹ̀ tó jáde. Mo bá sọ fún un pé ọkọ̀ ti gbá a. Ìyẹn gan-an lẹ rí yẹn, òun ló dùn jù!" Ó fi ètè he èérún bísíkíìtì lórí ìka rẹ̀. "A ra áísíkiriìmù fún un lẹ́yìn ẹ̀ o. Ọmọdé ni, ó ti gbàgbé."

Itọ́ ẹnu Ìyá Nọ́ọ̀sì korò lójijì. Ètè ọkùnrin náà ló ń wò, bó ṣe ń dán, bí èérún ṣe lẹ̀ mọ́ ọn. Ètè yẹn náà ló lọ sí etí ọmọ ọlọ́mọ. Òun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ aràn lára ọmọ, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó dìde, ó lọ sí ibi ìfọwọ́ tó wà lọ́nà àbájáde. Kò bì. Ó kàn dúró síbẹ̀, omi ń ṣàn lọ, ó ń fọ ọwọ́ tí kò fi kan nǹkan kan, ó ń fọ àárín ìka, ó ń fọ ẹ̀yìn ọwọ́, títí Tíṣà fi wá wò ó pé ṣé kò sí nǹkan.

Nígbà tó padà, Ẹ̀rín-Ò-Tán ti lọ, wọ́n ti ń gbèrò.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà ká èmi náà lára," Alága bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fíìmù ni iṣẹ́ tiwa, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é. Ohun tí òfin bi wá ni pé, ṣé yóò pa ọmọ tó ń wò ó lára? Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí èébú."

"Ọmọ tó ṣe é ńkọ́, sà? Ṣé òun kì í ṣe ọmọ ni?"

"Ọmọ ni. Àmọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n bi wá."

"Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ fún mi pé kí n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó, tí mo wá rí i pé omi gọ́tà ni wọ́n fi sè é, ṣé ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìkan ni n óò sọ?"

Alága yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú, kò sì sí ẹni tó ń bì. Tíṣà ń fi báírò yí róbótó sórí ìwé tó ṣófo. Ó ní ojú ń ti òun díẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, òun rò pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe ni.

"Fèrè ló pa yín lẹ́rìn-ín," Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ fún un. "Ìdí tí wọ́n ṣe fi fèrè síbẹ̀ nìyẹn. Bí wọn ò bá fi síbẹ̀, ẹ ò bá ti dìde lọ gbé ọmọ náà."

Òfin gbà pé bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n pe ọmọdé díẹ̀ wá wò ó. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi í sí. Àwọn òṣìṣẹ́ mú ọmọ wọn wá, àwọn ọmọ jókòó níwájú, àwọn òbí wà lẹ́yìn. Ìyá Nọ́ọ̀sì mú ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, èyí tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tó sì ń fi àlàfo náà fọn fèé bí inú rẹ̀ bá dùn. Nígbà tí ajá fa tówẹ̀lì bàbá lọ, fèé náà gba gbogbo yàrá kan. Àwọn ọmọ ń gbára yílẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì náà tún rẹ́rìn-ín. Ajá yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Páálí ṣí. Ọ̀pọ̀lọ́ fò, àwọn ọmọ pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹkún bẹ̀rẹ̀. Fèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí tó wà lẹ́yìn hó gèè.

Iwájú dákẹ́. Ọmọkùnrin kan dìde, ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó gun orí itan rẹ̀. Bàbá náà gbà á mọ́ra, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ ní tiẹ̀. Ọmọ ọmọ Ìyá Nọ́ọ̀sì fa aṣọ rẹ̀.

"Màmá àgbà, ta ló ń wò yẹn?"

"Ta ni?"

"Ọmọ yẹn. Ó ń wo ẹnì kan níbẹ̀ yẹn. Kí ló dé tí ẹni náà ò dá a lóhùn?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ọwọ́ ọmọ náà. Kò pẹ́ tí bàbá inú fíìmù fi yọ̀ ṣubú lórí ọṣẹ, àwọn ọmọ sì tún bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì tún fọn fèé.

Ohun tí Ìyá Nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ni pé Tíṣà kò wo fíìmù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló dúró sí, ojú àwọn ọmọ ló ń wò. Nígbà tí yàrá ṣófo, òun ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Sà, wọ́n dákẹ́."

"Wọ́n dákẹ́ ni, wọn ò sunkún," Alága dáhùn. "Ìdákẹ́ kì í ṣe àìsàn."

"Ní wọ́ọ̀dù, ọmọ tó bá dákẹ́ la kọ́kọ́ ń sáré lọ bá," Ìyá Nọ́ọ̀sì ní. "Èyí tó ń ké ṣì ní agbára."

Báyìí ni wọ́n ṣe di ìbò, ẹni méjì sí ẹnì kan. Kí wọ́n yọ ibi ẹkún náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fíìmù náà kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Ìyá Nọ́ọ̀sì rò pé ìjà yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ìjà kankan. Ẹ̀rín-Ò-Tán rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ni àgbà, Màmá, ohun tí ẹ bá sọ labẹ gé." Ó yọ ọ́ kúrò. Fíìmù jáde, ilé sinimá kún.

Kò tíì pẹ́ rárá tí ibi tí wọ́n yọ náà fi bọ́ sórí fóònù, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà lórí rẹ̀ pé: ẸKÚN TÍ WỌN Ò FẸ́ KÍ Ẹ RÍ. Ó ràn ju fíìmù gan-an lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì wà nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó gbọ́ fèrè náà lẹ́yìn orí rẹ̀, pọ́ọ̀n-pọ̀ọ̀n-pọ́ọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wò ó, ó wò ó tán, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó nà án sí Ìyá Nọ́ọ̀sì kó bá òun rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wo ọmọ yìí, ẹ wo imú ẹ̀!" Itọ́ kíkorò ọjọ́ yẹn tún padà sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti na ọrùn, ẹ̀rín ti gba bọ́ọ̀sì, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ó sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù àwọn ará ilé kejì lọ́wọ́, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú lórí àga.

"Nọ́ọ̀sì mi, wá wo nǹkan o!"

"Ọmọ yẹn rò pé ìyá òun ti kú," ó ní. "Irọ́ ni wọ́n pa fún un. Òkú ìyá ẹ̀ lò ń fi rẹ́rìn-ín yẹn."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó wo fóònù, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Èmi ò mọ̀ o. Ìyá àwọn ọmọ, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn." Ó kọjá lára rẹ̀ wọlé, kò sì bá a jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí Alága fi ìbéèrè kan kún èyí tí òfin ń bi wọ́n: ọmọ tó sunkún nínú fíìmù yìí, kí ni wọ́n fi pa á lẹ́kún? Alága kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá lókè nítorí rẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa, kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òkè kò dáhùn. Ìyá Nọ́ọ̀sì bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè. Gbogbo ẹni tó bá gbé fíìmù wá ló ń bi, débi pé àwọn òṣèré ti sọ ọ́ ní Ìyá Ta-Ló-Pa-Á-Lẹ́kún. Ẹnì kan bínú sí i. Ẹnì kan sọ pé omi inú ìgò ni òun kán sójú ọmọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kó lọ gbé ìgò náà wá, ó sì kán an sójú ara rẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan gun àkàsọ̀ ilé ìtẹ̀wé wá, ọmọ kan lẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì mọ ojú ọmọ náà kí wọ́n tó wọlé. Lára ògiri, ó tóbi. Níbí, ó kéré, eékún rẹ̀ ní ojú egbò tó ti ń jinná.

"Ẹ káàsán, ma. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo àwọn tó ń ṣe fíìmù," obìnrin náà ní. "Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ẹlòmíì tó máa lo ọmọ yìí. Ẹ ṣáà ti rí i bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

Fóònù rẹ̀ dún. Ó yí sí ẹnu ọ̀nà kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọ bá a yí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta, ọmọ di síkẹ́ẹ̀tì mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, kò sọ̀rọ̀, kò sunkún. Obìnrin náà gbé fóònù kúrò létí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ma, ó ti di ìrù mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fíìmù yẹn ni. Títí dé ilé ìgbẹ́ ló ń bá mi lọ. Bí mo bá tilẹ̀kùn, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ ilẹ̀kùn."

"Ó sì pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ṣebí eré ni, ma."

"Eré ta ni? Ẹ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ gbọ́ ọ tó ń pè yín, ẹ ò jáde. Ẹranko ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹ̀!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé ohùn òun ti lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti kó wọ abẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ojú obìnrin náà le, ó gbá ọmọ mú, ó fẹ́ jáde. Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jókòó, òun kò ní bú u mọ́. Wọ́n jókòó. Ó sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un: bó bá fẹ́ jáde, kó má yọ́ jáde, kó sọ ibi tó ń lọ fún ọmọ, kó má jìnnà, kó sì padà bó ṣe wí. Kó máa ṣe é lójoojúmọ́, kó má pa irọ́ kankan mọ́ ọn, ìbáà ṣe kékeré. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Kò dúpẹ́, kò sì bínú mọ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ ìyá náà láago láti ọ̀nà àbájáde ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti dán an wò. Òun sọ fún ọmọ pé òun ń lọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ, òun ń bọ̀. Ọmọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sunkún títí òun fi dé. Ṣùgbọ́n ó dúró, kò sá tẹ̀ lé òun.

Ìyá Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Ó ṣe dáadáa. Ẹ̀yin náà ṣe dáadáa. Ẹ tún un ṣe lọ́la."

"A óò tún un ṣe, ma." Obìnrin náà kò tíì pa fóònù. "Ma, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa lo ọmọ yẹn tí mo bá yín sọ, ẹ ò tíì rí ẹnì kankan?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú iyàrá, wọ́n ti pa iná, Alága sì ń pè é pé fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró de òun díẹ̀. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ṣí i, ó sì tutọ́ sí ìta.